Táyà Òsì Ló Ń Kùn

Ọkọ̀ wa ti ń kùn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó gbà pé ó ń kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn náà kéré. Ó dà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń kọrin sínú, tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé orin ni. Bàbá mi yí rédíò ọkọ̀ sókè díẹ̀. Nígbà tí ohùn náà dàgbà, rédíò dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn fi ní láti pariwo kí a tó mọ̀ pé ó ti dé ibi tí ó ń lọ. Rédíò ń bo táyà mọ́lẹ̀, táyà ń bo rédíò mọ́lẹ̀, bàbá mi sì di sitíárìn mú láàárín ìjà náà, ojú wọn tòrò bí omi àmù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nídìí oúnjẹ, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní:

"Mo ti rí ẹni tó máa ra ọkọ̀ yẹn. Alágbàtà kan ni. Ó ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á sì wọ́ ọ lọ. Ó ní ṣe lòun máa tú u, òun á máa ta ẹ̀yà ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Màmá mi gbé ọwọ́ lé orúnkún wọn méjèèjì, bí ẹni pé àwọn yẹn gan-an ni alágbàtà ń bọ̀ wá tú.

Orúnkún màmá mi ti kọ ìrìn gígùn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ẹni kan ṣoṣo tó kù láyé tó ń pè wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní kékeré, ń gbé ní òdìkejì ìlú, lórí òkè tí bọ́ọ̀sì kì í gùn. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn yóò máa sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú bí ẹni pé ṣe ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ra búrẹ́dì, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi dà lójú wọn. Bí ọkọ̀ bá lọ, ìjókòó náà lọ nìyẹn. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Mo gbé àwo mi, mo dìde, mo lọ jókòó sórí àga tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi.

Nínú ilé wa, àga ọ̀tún ni àga ẹ̀bẹ̀. Láti kékeré ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò tọrọ lọ́wọ́ bàbá wa, ọ̀tún wọn ni yóò jókòó sí. Bí a bá jọ ń rìn lójú títì, ọ̀tún wọn là ń tò sí. Màmá mi pàápàá, ọ̀tún ni wọ́n ń sùn sí. Ọ̀wọ̀ ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè rí, nítorí ohun tí a bá nílé kì í jọni lójú.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe," ni mo wí. "Béárìn, irin tí táyà iwájú fi ń yí, ló ti jẹ. Mo ti ra tuntun síbí."

Àbúrò mi ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Bàtà ni ó ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láàárín ìlú, kò sì sí iṣẹ́ kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní ìmọ̀ràn fún àwọn tí ń ṣe é. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ọ̀gá-Ìmọ̀ràn.

"Ẹnjiníà!" ni ó kí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, inú ìwé kọ́ ni táyà wà o. Ilẹ̀ ló wà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tèmi bí ó ti rí, láìbù mọ́ ọn, láìyọ kúrò níbẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà ní yunifásítì, mo sì kà á yanjú. Láti ìgbà tí mo ti jáde, gbogbo ọ́fíìsì tí ó pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ó bi mí ní ìbéèrè kan náà: ìrírí mi dà? Wọn kì í gba ẹni tí kò ní ìrírí; ìrírí kò sì sí níbòmíràn àfi lọ́dọ̀ àwọn tí kì í gba ẹni tí kò ní in. Ọkùnrin kan tí táì rẹ̀ bá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mu wo ọwọ́ mi, ó ní irú ọwọ́ obìnrin báyìí kò yẹ kó kan gíríìsì, ó ní ṣé n kò ní fẹ́ máa kí àwọn àlejò káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ẹ̀rín mi dára. N kò rẹ́rìn-ín rárá láti ìgbà tí mo ti wọlé tọ̀ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì gbé ìbínú náà délé láìjẹ́ kí ẹ̀kán rẹ̀ kan dà sílẹ̀. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kì í hó. Títutù ni ó tutù, mo sì mọ gbogbo igun rẹ̀.

Bàbá mi ti àwo wọn síwájú.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ọ̀la ni tìẹ. Tó bá ṣì ń kùn láàárọ̀ ọ̀túnla, alágbàtà ló ni ín. Àmọ́ táyà ọ̀tún ni kó o tú o. Ọ̀tún ló ń kùn."

"Òsì ni, sà."

"Ta ló ń wa ọkọ̀ ọ̀hún, èmi àbí ìwọ? Etí tèmi ló ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ọ̀tún ni mo wí."

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo mọ̀. Nígbàkígbà tí a bá yà sọ́tùn-ún, tí ìwúwo ọkọ̀ sì rọ́ lọ sápá òsì, ohùn náà a gbéra. Bí a bá yà sósì, a rọlẹ̀. Táyà tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn ni yóò ké. Òsì ni, kò sí àní-àní kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí mo tọrọ gbà, ẹni tí wọ́n bá sì ti ṣílẹ̀kùn fún kì í dúró bá ilẹ̀kùn jà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbé béárìn tuntun náà sínú fíríìsà. Òtútù a máa sọ irin di kékeré díẹ̀, irin tí ó bá sì tutù dáadáa ni yóò wọ ibi tí ó há mọ́ ọn láìjà. Mo fi ọ̀rá wé e, mo sì tẹ́ ẹ sáàárín ẹja. Ní òwúrọ̀, igbe màmá mi ni ó jí wa.

"Ta ló gbé irin sáàárín ẹja mi?"

"Èmi ni, mà. Béárìn ni. Mo fẹ́ kó tutù ni."

"Kí ló ṣe é? Ṣé ibà ń ṣe é ni?"

Ọ̀gá-Ìmọ̀ràn ti yọrí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀, mà. Ẹnjiníà yín fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún wa ni. Eegun ẹ̀ nìkan ló máa le díẹ̀."

Màmá mi yí irin náà lọ́wọ́ síwá sẹ́yìn. Wọ́n tún ọ̀rá rẹ̀ wé bí ìgbà tí a bá ń da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn, wọ́n sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

"Tutù dáadáa o," ni wọ́n wí. Béárìn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. "Ìwọ lo máa gbé mi délé ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní ilẹ̀ símẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń sùn. Mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo sì gbé e lé ẹsẹ̀ irin méjì kí ó má baà wó lù mí. Ọ̀gá-Ìmọ̀ràn ti gbé àga jáde, ó jókòó ti ife tíì rẹ̀ bí adájọ́. Bàbá mi dúró, wọ́n káwọ́ sáyà.

"Bẹ̀rẹ̀ látọ̀tún," ni wọ́n wí.

Mo ti pinnu bí n ó ṣe ṣe é. N ó yí táyà méjèèjì lójú gbogbo wọn, kí gbogbo etí gbọ́. N ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní gbangba bí olùkọ́ tí ń yanjú ìṣírò lójú pátákó, n ó sì fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn. Mo fẹ́ jàre. Ó ti pẹ́ tí mo ti jàre kẹ́yìn.

Mo yí táyà ọ̀tún. Ó yí wẹ́rẹ́, ó dákẹ́. Mo kọjá sí òsì, bàbá mi sì tẹ̀ lé mi, wọ́n dúró lẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀, mo yí táyà náà. Ó lọ̀ bí ọlọ ata. Ọ̀gá-Ìmọ̀ràn gbé ife kúrò lẹ́nu. Ní fèrèsé ilé ìdáná, àwo tí màmá mi ń fọ̀ dúró sí wọn lọ́wọ́.

Bàbá mi tẹ orí síwájú díẹ̀, etí òsì wọn kọjú sí táyà, wọ́n tẹjú mọ́ ọn bí ó ti ń yí, ojú wọn tòrò.

"Ṣé o rí i báyìí?" ni wọ́n wí. "Ó dákẹ́ lọ lọ lọ."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá-Ìmọ̀ràn pàápàá, tí í fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́, ń wo inú tíì rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan jábọ́ sínú rẹ̀. Mo gbójú sókè wo màmá mi. Wọ́n fi ìka tútù kan etí òsì ara wọn, wọ́n sì rọra mi orí.

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ tò fún mi. Bàbá mi fi gbogbo ọdún iṣẹ́ wọn dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí ó tóbi tó yàrá, ọwọ́ òsì wọn ni ariwo ẹ̀rọ náà sì máa ń wà. Àga ẹ̀bẹ̀. Ọ̀tún tí à ń tò sí lójú títì. Nínú ọkọ̀, etí òsì wọn ló kọjú sí fèrèsé, ọ̀tún ló kọjú sí wa. Nítorí náà gbogbo ohun tó bá ń dún láyé, ọ̀tún ló ti ń dún sí wọn. Màmá mi ti tún gbogbo ilé tò yí etí kan ká, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, èmi tí mo ní mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ kò sì rí i.

Gbólóhùn tí ó wà lẹ́nu mi pé, ó sì mú. Mo mọ ibi tí yóò ti wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà: òkò tí mo ti ń kó jọ fún ọkùnrin táì àti ìbọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lu bàbá mi yìí. Mo gbé e mì.

Mo dìde, mo yí sí ọ̀tún wọn.

"Bàbá mi, irin ọkọ̀ a máa gbé ohùn kiri, etí lè tan ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kì í tan èèyàn. Ẹ bá mi di sípíríǹgì yìí mú."

Sípíríǹgì ńlá tí ó gbé ọkọ̀ dúró lẹ́yìn táyà ni mo fi hàn wọ́n. Ohun tí béárìn bá ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀, sípíríǹgì a máa tú àṣírí rẹ̀ fún ọwọ́. A kọ́kọ́ lọ sí ọ̀tún. Wọ́n dì í mú, mo yí táyà.

"Ó ń yọ̀ bí òróró," ni wọ́n wí.

A kọjá sí òsì. Wọ́n dì í mú, mo yí táyà. Ojú wọn yí padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n di ojú.

"Tún un yí." Mo tún un yí. "Ó ń gbọ̀n. Ó dà bíi kí wọ́n da iyanrìn sínú ẹ̀."

"Èwo ni ká tú, sà?"

Wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lára irin náà, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n wò mí, wọ́n wo fèrèsé ilé ìdáná.

"Òsì ni," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìka gbá etí òsì wọn pẹ́pẹ́. "Eléyìí ti fẹ̀yìntì kí èmi fúnra mi tó fẹ̀yìntì. Kò sì dágbére fún mi."

Láti fèrèsé, màmá mi dá wọn lóhùn: "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá. A ti ń retí yín láti ọjọ́ yìí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbára lé ọkọ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, wọ́n ká apá ẹ̀wù wọn sókè.

"Ó yá, Ẹnjiníà. Kí ló kàn?"

Ohun tí ó kàn ni nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà. Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀ padà, nítorí pé nọ́ọ̀tì yìí kì í gbọ́ràn àfi bí táyà bá tẹ ilẹ̀ gírígírí. Mo fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, kò mì.

"Ọ̀gá-Ìmọ̀ràn, wá fi ìmọ̀ràn rẹ tẹ páìpù yìí fún wa."

"Ìmọ̀ràn mi kọ́ lẹ fẹ́. Ara mi tó tóbi lẹ fẹ́."

"Òun nìkan ni kò tíì ṣì wá lọ́nà rí."

Ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó gun páìpù náà, nọ́ọ̀tì sì ké, ó gbà. Láti ibẹ̀, iṣẹ́ ń fa iṣẹ́. Mo tún gbé ọkọ̀ sókè, mo yọ táyà. Mo tú irin tí ń di bíréèkì mú, mo sì fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ sípíríǹgì, kí ìwúwo rẹ̀ má baà fa rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà já. Mo tú gbogbo ìdí táyà náà kúrò lára ọkọ̀, mo gbé e sórí tábìlì àlòkù kan.

Mo wo béárìn àtijọ́ dáadáa kí n tó fà á yọ. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀, òòlù ni ó fi gbá a wọlé: àpá òòlù náà tò yí eteetí rẹ̀ ká. Mẹkáníìkì náà ti pa á kí ọkọ̀ tó jáde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì nu ọwọ́, ó ní ó ti parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé mẹkáníìkì yìí ní ìrírí.

Bóòtì gígùn kan, wọ́ṣà nínípọn, àti àgékù páìpù tí ẹnu rẹ̀ bá eteetí béárìn dọ́gba: nǹkan tí mo fi ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ń mú nọ́ọ̀tì le, bóòtì yóò máa fa béárìn wọlé díẹ̀díẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé eteetí òde nìkan ni a gbọdọ̀ tì. Bí a bá ti àárín, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú rẹ̀ ni yóò ru ìyà náà. Màmá mi gbé béárìn jáde láti inú fíríìsà, wọ́n fi aṣọ mú un, wọ́n ń yára bí ẹni tó gbé ọmọ lọ ìkómọ. Mo gbé e sẹ́nu ilé rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Ó wọ díẹ̀, ó dúró. Bàbá mi, tí wọ́n di irin náà mú, ní, "Ó ń tẹ̀ sọ́dọ̀ mi." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lóòótọ́, ó ti wọ́.

"Ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan péré," ni Ọ̀gá-Ìmọ̀ràn wí. Òòlù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan, jẹ́jẹ́."

"Gbé e kúrò níwájú mi."

"Mo kàn ń sọ pé…"

"Wọ́n ní kó o gbé e kúrò," ni bàbá mi wí.

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Bí béárìn yìí bá bàjẹ́, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ti fẹ́ tì, alágbàtà sì ń bọ̀ lówùúrọ̀. Màmá mi ń fọwọ́ pa orúnkún wọn. Mo nu ojú ilé béárìn náà, ìka mi sì kan ìpata tín-ín-rín kan tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Mo fi sáńpépà ha á kúrò.

"Mà, ẹ bá mi gbé omi kaná. Kí ẹ sì dá béárìn padà sáàárín ẹja."

"Ó tún ti padà wá? Àwọn ẹja yìí máa sọ pé kí ló dé."

Nígbà tí omi hó, mo dà á yí ilé irin náà ká kí ó lè fẹ̀. Mo gbé béárìn tútù náà sẹ́nu rẹ̀, bàbá mi di igun kan mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa bóòtì. Ó ń wọ, ó ń wọ, títí ó fi jókòó délẹ̀ pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn rere bá tì. Mo fi òrùka irin há a mọ́ àyè rẹ̀. Bàbá mi yí i pẹ̀lú ìka kan, wọ́n di ojú.

"Iyanrìn ti tán," ni wọ́n wí.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo mú nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn le. A wọ ọkọ̀, gbogbo wa. Bàbá mi na ọwọ́ sí rédíò, wọ́n dá ọwọ́ dúró, wọ́n fi sílẹ̀ ní pípa. A jáde sójú títì, a yà sọ́tùn-ún, ìwúwo rọ́ sí òsì. Mo ń gbọ́ ìgò tí ń yí lábẹ́ àga. Mo ń gbọ́ bí àpò ọwọ́ màmá mi ṣe ń ha ìgbànú ìjókòó.

"Ẹnjiníà, ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Èmi náà ò gbọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa fi tèmi jẹ́rìí."

Ẹ̀rín náà gba gbogbo inú ọkọ̀. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí sitíárìn. "Ọwọ́ náà ò gbọ́ nǹkan kan," ni wọ́n wí.

Alágbàtà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ọkọ̀ tí ń wọ́kọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà kan, ó dúró ní òsì bàbá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn gbogbo àrùn tó wà lára ọkọ̀ wa.

"Dúró ná," ni bàbá mi wí. "Bọ́ sí ọ̀tún mi. Òsì yẹn kì í gbọ́ràn."

Ó bọ́ sí ọ̀tún. Ó sọ̀rọ̀ ìpata, ó sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ó sọ̀rọ̀ ohùn tí ń kùn. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n wà á dé òpin àdúgbò, wọ́n gbé e padà. Ojú alágbàtà ti yàtọ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, kò kùn mọ́."

"Mo ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, ọmọ mi. Mi ò tà á mọ́."

"Ta ni mẹkáníìkì yín?"

Bàbá mi nawọ́ sí mi. Alágbàtà wò mí láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ dúró sí ọwọ́ mi, níbi tí gíríìsì ti kọ̀ láti kúrò lábẹ́ èékánná.

"Èyí? Ṣé ó tiẹ̀ ní ìrírí?"

"Ó ní in," ni bàbá mi wí. "Láti àná."

Ní ọ̀sán, màmá mi gbé àpò wọn, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n jókòó níwájú, ní ọ̀tún. Mo jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà, bàbá mi ṣàdédé gbé orí sókè.

"Kí ló ń kùn?"

Mo na ọrùn, mo tẹ́tí sí táyà òsì. Ni màmá mi bá dẹ́kun orin tí wọ́n ń kọ sínú.

"Èmi ni," ni wọ́n wí.

"Ó dáa," ni bàbá mi wí. "Máa kùn lọ."